Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dáhùn: Fídíò Ìlera Tó Wà Lórí Fóònù Yín, Èwo Lẹ Lè Gbà Gbọ́?

Ẹ kú ìrọ́jú ìlú Èkó o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ẹnì kan wo fídíò, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́, fídíò sọ tiẹ̀, dókítà sọ tiẹ̀, ta la fẹ́ gbà gbọ́? Mo wá ní kí n kúkú fi gbogbo ojú ìwé toṣù yìí dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Òkè-Àrìn ni mo ti ń tajà, màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, bàbá kan wọ ẹ̀wù funfun, ó ń fi Yorùbá tó já gaara sọ̀rọ̀, ó ní oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́, pé téèyàn bá mu omi ewé kan pẹ̀lú aáyù fún ọjọ́ 21, BP á lọ pátápátá, kò ní padà wá mọ́. Màmá ti kó oògùn wọn sínú àpótí, wọn ò lò ó mọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ṣé mo gbọ́n ju dókítà inú fídíò lọ ni. Ara wọn sì le o, orí ò fọ́ wọn, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Màmá, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìdáhùn: Ọmọ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kán jù. Ẹ wọn BP màmá lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Kẹ́mísì tó ní ẹ̀rọ wà ládùúgbò yín, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà náà wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sinmi bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Tí nọ́ńbà òkè bá ti dé 140, tàbí tí tìsàlẹ̀ dé 90, ẹ̀jẹ̀ ń ru nìyẹn, ẹ mú wọn padà sọ́dọ̀ dókítà wọn lọ́sẹ̀ yìí. Àmọ́ tó bá ti dé 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù, pàápàá tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ò lágbára mọ́.

Ẹ ní ara wọn le, orí ò fọ́ wọn. Ibi tí fídíò yẹn ti ń rí àwọn èèyàn mú nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì kankan, ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orí má fọ́ onítọ̀hún rárá, ọjọ́ tó bá máa fara hàn ló máa jẹ́ rọpárọsẹ̀. Téèyàn bá já oògùn sílẹ̀, èyí tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ díẹ̀, onítọ̀hún á wá máa sọ pé àgbo ló ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé BP ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn oògùn kan tún wà, bíi clonidine àti àwọn tí orúkọ wọn máa ń parí sí -olol, tó jẹ́ pé téèyàn bá já wọn sílẹ̀ lójijì, BP lè fò kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Torí náà ẹ má kàn sọ fún dókítà pé "màmá ò lo oògùn," ẹ kó páálí oògùn yẹn dání lọ.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn ló dùn mí jù. Bàbá inú fídíò mú òótọ́ kékeré kan, ó fi gbé irọ́ ńlá jáde. Òótọ́ ni pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń fẹ́ ká máa ṣọ́ kíndìnrín, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kéèyàn lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú gan-an wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù láyé yìí, ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn tó sì yẹ kí bàbá yẹn kìlọ̀ nípa ẹ̀ ni oògùn ara ríro, bíi ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn àgbàlagbà wa ń gbé mì lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọjà, torí ìyẹn máa ń pa kíndìnrín lára, ó sì máa ń gbé BP sókè. Ṣó sọ ọ́? Aáyù ńkọ́, ó lè mú BP wálẹ̀ díẹ̀, àwọn olùwádìí ti rí ìyẹn, kò sí ẹni tó ní kí màmá má jẹ aáyù. Pé ọjọ́ 21 á wò ó sàn pátápátá ni kò sí ẹ̀rí fún. Ní 2023 WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, gbé ìròyìn jáde pé nínú èèyàn 5 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé, 4 ni ò rí ìtọ́jú tó péye. Màmá yín wà lára ẹni kan tó ń rí i, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wá yọ wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa bá wọn sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá màmá jà, ẹ má sì pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ jọ wo fídíò yẹn dópin, kẹ́ ẹ wá máa bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Mọ́mì, kí ni bàbá yìí pe orúkọ ẹ̀? Ọsibítù wo ló wà? Ṣó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí ewé yẹn ò bá ṣiṣẹ́? Kí ló ní ká rà níparí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ tún bi wọ́n bóyá nǹkan kan wà nínú oògùn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn tẹ́lẹ̀ kí fídíò tó dé, fídíò kàn gbà wọ́n láàyè ni. Lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, amlodipine máa ń mú ẹsẹ̀ wú, àwọn oògùn mìíràn á ní kéèyàn máa tọ̀ ṣáá, ẹlòmíì owó ẹ̀ ló ga jù. Gbogbo ẹ̀ ló ní àtúnṣe, dókítà lè pa oògùn dà, ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tí wọn ò sọ fún un dà.

Ẹ tún rántí pé màmá lè ti dé ọsibítù láago mẹ́fà àárọ̀, kí dókítà tó rí wọn á ti di ọ̀sán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì máa lò níwájú ẹ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò gbọ́ tán. Bàbá inú fídíò fara balẹ̀ fún wọn, ó pè wọ́n ní "ìyá mi," ó ṣàlàyé. Mi ò lè bú màmá pé wọ́n fetí sí ẹni tó fara balẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé fídíò yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ tàn án kó wò ó níṣojú màmá, kẹ́ ẹ ní kó fi Yorùbá dáhùn. Tí dókítà ò bá gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ máa ń sọ pé ká má gba gbogbo fídíò gbọ́, àmọ́ èyí tí mo ń wò yìí, èèyàn mílíọ̀nù méjì ló ti wò ó, like rẹpẹtẹ, gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ fáwọn. Ṣé gbogbo èèyàn yẹn ló máa ṣì í ni? — Ẹ̀gbọ́n Bàríga

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, iye èèyàn tó wo fídíò ń sọ iye èèyàn tó wò ó ni, kò sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń ta oògùn nínú mólúè láyé ọjọ́un, tó ní oògùn kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ojú dídùn àti àtọ̀sí pa pọ̀, gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ, ẹni mẹ́ta mẹ́rin á sì rà á, ìyẹn ò sọ oògùn ẹ̀ di oògùn.

Àwọn olùwádìí ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, lórí oríṣiríṣi àìsàn, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ sórí YouTube, wọ́n á tẹ orúkọ àìsàn, wọ́n á kó fídíò tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n á wá máa fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Ìwé máàkì tí wọ́n ń lò jù ń jẹ́ DISCERN, Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 1999, ìbéèrè 16 ló wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5. Ohun tó ń jáde léraléra ni pé fídíò táwọn èèyàn ń wò jù kọ́ ló ń gba máàkì tó ga jù, ìgbà mìíràn èyí táwọn ọsibítù àti ilé ẹ̀kọ́ dókítà ṣe ló máa dára jù, òun náà lẹnikẹ́ni ò sì ní wò. Ohun tó dùn ún wò ló ń rìn, ẹkún, orin, ariwo, ìlérí. Fídíò tó sọ pé "ó sinmi lórí ara yín, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì" ò lè sáré bá a.

Mo fẹ́ràn àwọn ìbéèrè inú DISCERN yẹn gan-an torí pé ẹni tí kò kàwé náà lè bi wọ́n. Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ṣe é? Ṣé wọ́n sọ bí ìtọ́jú yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara? Ewu tó wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n dárúkọ ẹ̀? Ṣé wọ́n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ téèyàn ò bá ṣe ìtọ́jú kankan, ṣé wọ́n sì sọ pé ìtọ́jú mìíràn wà? Tó bá ku ẹyọ kan péré tí mo lè dì mú, ti ewu yẹn ni màá dì mú. Kò sóògùn tó lágbára tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ẹni tó bá ní tòun ò ní ewu kankan fún aboyún, fún ọmọdé, fún arúgbó, fún gbogbo ayé, ọjà ló ń tà.

Ọ̀rọ̀ ọdún náà kì í ṣe kékeré. Látọdún 2005 ni Nàìjíríà ti yí oògùn ibà padà kúrò ní chloroquine bọ́ sórí ACT, ìyẹn oògùn ibà alápapọ̀, torí pé chloroquine ò pa kòkòrò ibà dáadáa mọ́. Fídíò tó bá ń kọ́ yín ní chloroquine fún ibà lónìí, bó ṣe wù kó dùn tó, ó ti pẹ́ jù.

Ní ti àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́: ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún kì í padà wá kọ̀wé, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé olówó fídíò ló ń kọ ọ́. Ẹ̀yin náà á rántí 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje. Oṣù kẹjọ ni mẹ́sẹ́èjì gba ìlú kan pé kí gbogbo èèyàn jí láàjìn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n mu díẹ̀. Ilé kan jí ilé kejì, bàbá pe ọmọ ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. WHO ló wá sọ lóṣù yẹn pé ó kéré tán èèyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Èèyàn tó fọ́wọ́ọ̀dù mẹ́sẹ́èjì yẹn ju mílíọ̀nù méjì yín lọ dáadáa, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ Mà. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, fi ìwé ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ HPV. Mi ò tíì buwọ́ lù ú torí mo rí fídíò kan tí ìyá kan ń sunkún nínú ẹ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ tó bá dàgbà, àti pé ọmọ kan dákú níléèwé. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyá Àbíkẹ́, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Ìyá Àbíkẹ́, ẹ ò ṣe àṣìṣe pé ẹ bẹ̀rù, ìyá ni yín. Nílẹ̀ wa, ìbẹ̀rù yìí ní orísun: Kano ní 1996, ilé iṣẹ́ olóògùn kan láti òkè òkun dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àìsàn, ó dá wàhálà sílẹ̀ tó dé kọ́ọ̀tù, ní 2003 àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya sì kọ àjẹsára pòlíò. Ẹni tó bá ń béèrè kí wọ́n tó gún ọmọ ẹ̀ ò ṣe ohun tó burú.

Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí nìyí. HPV ni kòkòrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, oríṣi 16 àti 18 nìkan ló ń fa bí ìdá 70 nínú 100 ẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ò ní kòkòrò tó wà láàyè nínú, àwòrán èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni, kí ara lè dá a mọ̀. Látọdún 2006 ni wọ́n ti ń lò ó láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gún ti dàgbà, wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n ti bímọ. Ní Scotland, àwọn olùwádìí sọ ní 2024 pé wọn ò rí jẹjẹrẹ yìí lára ẹyọ kan nínú àwọn obìnrin tó gbà á pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12 tàbí 13. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ ni, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó dákú yẹn, ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dákú díẹ̀ tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ èyíkéyìí, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí a fi máa ń ní kí wọ́n jókòó bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ẹ̀. Fídíò ìyá tó ń sunkún ò sọ orúkọ ọsibítù, kò sọ ohun tí dókítà rí, kò sì sọ bí ó ṣe mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì tó ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ò ní bímọ. Mi ò sọ pé ẹkún ẹ̀ kì í ṣe òótọ́ o, ọkàn mi gbọgbẹ́ fún ìyá èyíkéyìí tó ń sunkún nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ yìí mú, ìrora ẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fún Àbíkẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ mi ni, màá buwọ́ lù ú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ gba hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò abẹ́rẹ́ náà hàn yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn tí ọmọ bá ní nǹkan tí ara ẹ̀ kì í gbà.

Ìbéèrè: Fídíò kan ní tí gìrì bá gbé ọmọ, ká ti ṣíbí sí i lẹ́nu kó má gé ahọ́n jẹ, ká sì fi ìtọ̀ màlúù rá a lára kó mu díẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Mushin

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, rárá! Ẹ má fi nǹkan kan sí ọmọ lẹ́nu, ì báà jẹ́ ṣíbí, ìka, omi tàbí àgbo. Ṣíbí lè fọ́ eyín, ohun tẹ́ ẹ bá rọ sí i lẹ́nu á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìtọ̀ màlúù sì ti pa ọmọ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i lójú. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ wo aago. Tí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tó bá tún padà wá, tàbí tí ọmọ ò jí dáadáa, ẹ sáré gbé e lọ sọ́sibítù tó sún mọ́ yín jù. Kódà tó bá dá fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibà tó gun orí tàbí àrùn ọpọlọ lè wà níbẹ̀. Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín pé kóun náà pa á rẹ́.

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ní àtọ̀gbẹ. Mo rí ẹnì kan tó máa ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n lórí Facebook, òun àti pùròfẹ́sọ̀ kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, wọ́n ń sọ nípa oògùn kan tó ń lé súgà kúrò lára. Mo san ₦38,000, wọ́n fi dísípáàsì rídà gbé e wá. Ìgbà tí mo fi han ọmọ mi ló ní AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwòrán àti ohùn ṣe, ni wọ́n fi ṣe fídíò yẹn. Kò sí ìwé kankan nínú páálí ẹ̀. Ṣé kí n lò ó náà, ṣebí mo ti sanwó? — Bàbá Ẹ̀bùté-Mẹ́tta

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má fi kan ẹnu. Owó ti lọ, ẹ jẹ́ kí ara ó kù. Oògùn súgà tí wọ́n ń pè ní ewé tàbí egbò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti rí i ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pé oògùn òyìnbó tó ń mú súgà wálẹ̀ ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn ní bòókẹ́lẹ́, bíi glibenclamide. Ẹni tó bá wá ń lo oògùn dókítà mọ́ ọn, súgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó lè dákú mọ́jú. Ẹ má sì já metformin tàbí ínsúlínì yín sílẹ̀ nítorí fídíò, ẹni tí ara ẹ̀ ò lè ṣe ínsúlínì rárá, bó bá já a sílẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Àwọn ọ̀daràn ń mú ojú àti ohùn ẹni tá a mọ̀, wọ́n á fi AI sọ ohun tí onítọ̀hún ò sọ rí. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹnu àti ọ̀rọ̀ lè má bára wọn mu, ohùn Yorùbá ẹ̀ lè máa ṣubú síbi tí kò yẹ, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, torí náà ẹ má gbára lé ojú nìkan. Ẹ wo ìwà ọjà náà. Kò ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà WhatsApp nìkan ni. Wọ́n ní iye yìí kò kọjá òní. Wọ́n ní àwọn dókítà ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Pùròfẹ́sọ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kì í ta oògùn báyìí, òfin iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà ò tiẹ̀ gbà kí dókítà máa polówó ara ẹ̀. Ẹni tó bá sì pe ara ẹ̀ ní dókítà, MDCN ní Àbújá ló ń kọ orúkọ àwọn dókítà ìṣègùn sílẹ̀, wọ́n ń sọ láísẹ́ńsì dọ̀tun lọ́dọọdún, ẹ lè ní kí ọmọ yín wo orúkọ ẹ̀ lórí ìkànnì wọn.

Ní ti oògùn, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí ẹ̀, kí ọmọ yín fi wá a nínú Greenbook, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn oògùn tó forúkọ sílẹ̀ tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá tinú ọwọ́ yín mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àgbo inú ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ara ẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ pé ó ń wò sàn wò. Nọ́ńbà yẹn ò túmọ̀ sí pé ó ń lé àtọ̀gbẹ. Ẹ má da oògùn nù o, ẹ gbé e pẹ̀lú páálí àti rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà nígboro. Kẹ́ ẹ sì fi han apòògùn tó mọ̀ yín, lọ́la.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan ní Ṣómólú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò ìlera lédè Yorùbá lórí TikTok, nítorí mo rí i pé irọ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Ìyá wa. — Àbúrò yín

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà yín sókè sí àwọn ará ilé. Èyí tó dára lédè Yorùbá kéré jù, ibẹ̀ ni àwọn onírọ́ ti rí ààyè.

Ẹ sọ orúkọ yín, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ya fídíò, lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún fídíò kan. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan báyìí, PEMAT ni wọ́n ń pè é, ohun méjì péré ló ń béèrè: ṣé ó yé èèyàn, àti ṣé èèyàn mọ ohun tó kàn láti ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Èkejì yẹn lọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbàgbé. Wọ́n á ṣàlàyé àtọ̀gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó wò ó ò ní mọ̀ bóyá kóun lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, níbo, èló, ṣé kóun jẹun kóun tó lọ. Ẹ sọ ọ́. Ẹ má sọ pé kí wọ́n "dín iyọ̀ kù," ẹ bu ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ ní gbogbo iyọ̀ tí ẹnì kan yẹ kó jẹ lójúmọ́ ò gbọdọ̀ ju èyí lọ, pẹ̀lú máàjì inú ọbẹ̀, torí WHO ní kó má tó gíráàmù 5.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kan wò ó, ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Ibi tó bá ti sọ òdì, ẹ tún un yà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó nínú ọkọ̀ láìsí ohùn. Ẹ má ya aláìsàn, kódà tó bá gbà, ẹ má sì gba owó olóògùn kankan láé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ bàjẹ́. Àwọn tó bá ń bi yín pé oògùn wo ni káwọn lò, ẹ má kọ orúkọ oògùn sílẹ̀ fún wọn, ẹ ò rí wọn, ẹ ò wọn BP wọn. Ẹ bi wọ́n ní àdúgbò tí wọ́n wà, kẹ́ ẹ wá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n ń rí dókítà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa mú dání. Ẹ fi ojú ìwé fídíò yín ránṣẹ́ sí mi, màá wò ó lẹ́yọ lẹ́yọ, màá sì sọ fún yín níbi tí kò bá ti yé mi.